Ọlọ́pàá Ìwọ̀ Dáhùn: Ṣé Orúkọ Ara Rìílì Ló Ń Pẹja?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí máa ń bẹ̀rù orúkọ mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: n kò ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí láyé mi. Àwọn ọmọ Owódé níhìn-ín ní Ọ̀yọ́ ló sọ mí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń rí mi ní ìdájí lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀pá ìwọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá ti ní ọ̀pá, ọlọ́pàá náà ni. Ẹja nìkan ni mo sì ń mú, òun náà kì í ṣe lójoojúmọ́.

Lẹ́tà oṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó yé mi. Ti tíṣà ni n ó kọ́kọ́ mú.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Ọlọ́pàá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí, Fìdítì ni mo ń gbé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ pẹja lópin ọ̀sẹ̀, kì í ṣe láti tà, fún ìgbádùn ara mi ni. Àrọ̀ ni o, ẹpìyà ni o, ọ̀bọ̀kún ni o, gbogbo wọn ni mo fẹ́ máa mú, n kò sì lágbára àtira ọ̀pá mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ní tí kì í bá ti ṣe Shimano tàbí Daiwa, àwọn olórúkọ tó ń ṣe ohun èlò ìpẹja, kí n yáa fi owó mi ra búrẹ́dì jẹ. Mo yẹ iye rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá àti rìílì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn lára ọ̀pá, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù mi mì. Èyí tí mo rí lọ́jà, tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà owó yẹn. Ṣé orúkọ là ń rà ni, àbí nǹkan gidi wà níbẹ̀? — Tíṣà, Fìdítì

ÈSÌ: Tíṣà, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ délé.

Mo ti mọ Shimano tipẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣe rìílì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ọjà Akẹ́sàn, orúkọ yẹn sì máa ń wà lára jíà àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n bá gbé wá. Tí mo bá tú u, tí mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, eyín rẹ̀ máa ń pé perepere. Ìgbà tí mo wá rí orúkọ kan náà lára rìílì, mo rò pé àwọn oníjìbìtì ló jí i lò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1921 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Sakai ní Jàpáànù, fíríwíìlì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe. Ó di 1970 kí wọ́n tó bọ́ sídìí ohun èlò ìpẹja. Lọ́dún 1921 yẹn kan náà ni àwọn tí à ń pè ní Abu Garcia lónìí bẹ̀rẹ̀ ní Swídìn, aago ni tiwọn. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n yà sídìí rìílì. Ìdí tí mo fi ń pa ìtàn yìí ni pé inú ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ àti aláago ni rìílì ti wá, kì í ṣe etí odò: jíà kékeré, bíárìn, sípíríǹgì, búréèkì. Ẹni tó bá mọ jíà gé ló ń ṣe é dáa. Nǹkan gidi wà nínú orúkọ, ibẹ̀ gan-an ló wà.

Àmọ́ èèyàn lè ra orúkọ kó má ra rìílì. Gbọ́ tèmi.

Ọdún tí mo fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́, mo fi owó àjọ tí mo kó ra rìílì kan. N ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, n ò sì ní dárúkọ ọjà náà. Páálí rẹ̀ ń dán, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ ńlá kan tí gbogbo wa mọ̀. Ojú mi kà á bẹ́ẹ̀, ṣé o mọ̀. Ìyàwó mi tí kò pẹja rí ló kọ́kọ́ sọ pé lẹ́tà kan ṣì níbẹ̀. Mo ní kó má dá mi lágara, pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lóde òní nìyẹn.

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní dáàmù Erelú. Òjò ti dá, omi dákẹ́, mo ju ìfun adìẹ sí ibi tí koríko omi parí sí. Nǹkan fà á lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún fà á. Àrọ̀ kì í kánjú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ló máa ń fi tọ́ nǹkan wò kó tó gbé e mì. Mo jẹ́ kó gbé e. Mo fa ọ̀pá sókè, ìwọ̀ wọlé, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ. Mo yí rìílì lẹ́ẹ̀kan, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, ni mo bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀, ọwọ́ mi sì fúyẹ́. Mò ń yí i, okùn kò wọlé. Bíi kí ṣéènì yọ lórí òkè, kí ẹsẹ̀ máa wa òfo. Mo ju ọ̀pá sílẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán di okùn náílọ́ọ̀nù mú. Ìka ìlábẹ̀ mi yìí, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹja lọ, ó gbé ìwọ̀ lọ, ó gbé ìfun adìẹ lọ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ bébà sórí tábìlì, mo tú rìílì yẹn bí ẹni ń tú adìẹ ọdún. Jíà ńlá inú ẹ̀, irin funfun kan tó rọ̀ bí òjé ni, eékánná mi ń wọ̀ ọ́ lára. Eyín mẹ́rin ti fá pátápátá, àwọn yòókù ti ku kùkùté bíi ti arúgbó tó fi gbogbo ayé rún gúgúrú. Gírísì tí wọ́n fi sí i kò ju orí ìṣáná lọ. Àwọn òrùka dúdú tó yẹ kó jẹ́ búréèkì, páálí tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Omi ti wọ̀ ọ́, ó ti wú. Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀.” Mo ní kó máa lọ sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Látìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti ní “olórúkọ ni”, mo máa ń bi í pé orúkọ ara kí ni. Wo bí agbára ẹja ṣe ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ: ìwọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ìwọ̀ so mọ́ okùn, okùn gba inú òrùka ọ̀pá wọ rìílì, búréèkì rìílì ló ń gba ìwàǹwára rẹ̀. Ọ̀pá náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òun ló lè fara da ìyà jù nínú wọn. Kí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe? Wọ́n á da owó lé ọ̀pá aláwọ̀ wúrà, wọ́n á wá fi ṣẹ́ńjì ra ìwọ̀ tó ń nà bíi wáyà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìwọ̀ ni kó o kọ́kọ́ rà dáadáa, torí orúkọ kò wọ́n níbẹ̀. Àwọn Mustad ti Nọ́rwèy ti ń ṣe ìwọ̀ láti 1877, àwọn apẹja etí Odò Ògùn tí n kò rí rìílì lọ́wọ́ wọn rí sì mọ páálí wọn dunjú. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín ẹyọ ìwọ̀ olórúkọ kan àti èyí tí kò lórúkọ kò tó owó mọ́ínmọ́ín. Ti ọ̀pá méjì, owó ewúrẹ́ ni. Tó o bá fẹ́ mọ èyí tó dáa, fi ẹnu ìwọ̀ wọ́ eékánná àtàǹpàkò rẹ jẹ́jẹ́. Tó bá yọ̀ lọ, kò mú. Tó bá há bí ẹni fẹ́ gbẹ́ ẹ, ó mú. Lẹ́yìn ìyẹn, fi kọ́ ìṣó lára igi, kó o fi píláyà fà á. Kó tẹ̀ díẹ̀, kó sì padà. Èyí tó bá nà gbọọrọ, jù ú nù kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà ìwọ̀ máa ń da èèyàn láàmú. Bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn yẹn ni 1. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 1/0, 2/0, 3/0, àwọn wọ̀nyẹn wá ń tóbi sí i bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè. Ẹnu ẹpìyà kéré, 10 tàbí 8 ni kó o lò fún un. Ọ̀bọ̀kún, 4 tàbí 2. Àrọ̀ tó bá ti lẹ́ran lára, 1/0 sókè. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo lọ ra 12 fún àrọ̀ torí mo rò pé 12 ju 2 lọ. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín lásán.

Okùn ló kàn: náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gara, irú èyí tí àwọn onílẹ̀kẹ̀ fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ má lọ ra tiwọn. Ra èyí tí wọ́n kọ nípọn rẹ̀ àti agbára rẹ̀ sí lára, nǹkan bíi 0.30 mílímítà. Pọ́n-ùn ni wọ́n sábà máa ń fi ka agbára rẹ̀. 12 pọ́n-ùn jẹ́ kílò márùn-ún àti díẹ̀. Yẹra fún èyí tí wọ́n gbé kọ́ síta ṣọ́ọ̀bù lójú oòrùn, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó, torí oòrùn ń jẹ náílọ́ọ̀nù.

Ní ti rìílì, èyí tí nọ́ńbà títóbi rẹ̀ jẹ́ 2500 tàbí 3000 tó fún ohun tó o fẹ́ ṣe. Ibi yìí ni mo ti fara mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ díẹ̀: ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lára ti olórúkọ, má ra èyí tó wọ́n jù lára ti aláìlórúkọ. Shimano àti Daiwa ń ṣe ti mẹ̀kúnnù náà, jíà inú wọn kò ní fá lójú àrọ̀ àkọ́kọ́. Tó o bá sì rí “Malaysia” lára Shimano, má sá, wọ́n ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́tà orúkọ ni kó o kà dáadáa, tàbí kó o mú ìyàwó rẹ dání.

Búréèkì rìílì ni ohun tó ń jẹ́ kí okùn máa yọ́ jáde nígbà tí ẹja bá fà jù, kó má baà já. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, pé ó ti le tó. Ọwọ́ ń purọ́. Òṣùwọ̀n àfikọ́ ni mo máa ń lò. So okùn mọ́ ọn, gbé ọ̀pá sókè bí ẹni ń bá ẹja jà, kí ẹnì kan máa ka òṣùwọ̀n. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn. Fún okùn 12 pọ́n-ùn, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kílò kan àbọ̀. Kó sì yọ́ bí òróró, kó má máa ta gììrì. Alápatà àdúgbò mi ló ń yá mi ní tiẹ̀. Tó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, á ní, “Bàbá, ẹ tún gbé ẹja tí ẹ ò tíì pa wá wọ̀n.”

Ọ̀pá, ra ti ọjà. Ẹsẹ̀ bàtà méje, mítà méjì lé díẹ̀, èyí tí kò le ganpa, tí kò sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ayé yìí, olórúkọ àti aláìlórúkọ, ìlú Weihai ní Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí ohun tó o fẹ́ fi kún un níbẹ̀ báyìí. Ohun kan ṣoṣo ni kó o yẹ̀ wò: mú òwú díẹ̀, fà á gba inú òrùka ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kọjá. Tí òwú bá ta mọ́ ibì kan, òrùka yẹn ti sán, á máa gé okùn rẹ bí abẹ. Ọlọ́jà á máa wò ẹ́ bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Jẹ́ kó máa wò.

Ọ̀pá kan ṣoṣo kò sì lè ṣe gbogbo ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́. Èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí á mú ẹpìyà àti ọ̀bọ̀kún dáadáa, á sì mú àrọ̀ tó mọ níwọ̀n. Àwọn baba àrọ̀ inú koríko lóru, okùn tó nípọn tí mo dì mọ́ igi ni mo ń lò fún wọn, kò sí rìílì níbẹ̀. Tó o bá sì ń bọ̀ ní Erelú, omi tí ìlú ń mu ni o: kọ́kọ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́, gba àyè, má sì ju ègé okùn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sọ pé odò ni òun máa jókòó tì. Mo fẹ́ ra rìílì fún un láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹni tó ń tà á fi méjì hàn mí: ọ̀kan ní bíárìn 13+1, èkejì ní mẹ́rin péré, onímẹ́rin yẹn ló sì wọ́n jù. Ó ní kí n ra onímẹ́tàlá, pé bíárìn ló ń jẹ́ rìílì. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Tóbi, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

ÈSÌ: Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ. Ẹni yẹn ń ka bíárìn fún yín bí ẹni ń ka ọmọ ayò. Iṣẹ́ bíárìn kò ju pé kó má jẹ́ kí irin máa ha irin. Ibi tó ti wúlò jù nínú rìílì kò pọ̀: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jíà ńlá, ìdí jíà kékeré, àti ibi tí okùn ti ń ṣẹ́rí wọlé. Mẹ́rin tó dáa níbi tó yẹ, ó tán. Èyí tó ju ìyẹn lọ lè mú kó yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, àmọ́ tí irin wọn kò bá dáa, mẹ́tàlá náà á jọ dípẹtà ni.

Ẹ ní kó tú méjèèjì jáde nínú páálí. Ẹ gbé e sí etí, ẹ rọra yí i, kó má máa ṣe gìdìgìdì. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ mì í síwá sẹ́yìn, kó má mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀. Ẹ ṣí wáyà tó máa ń tẹ okùn, ẹ pa á dé, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó máa dún kan náà ní gbogbo ìgbà. Èyí tó bá yege ni kí ẹ rà, bó jẹ́ onímẹ́rin, bó jẹ́ onímẹ́tàlá. Tí ọkọ yín bá ń lo ọwọ́ òsì, ẹ má dààmú. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú rìílì bẹ́ẹ̀, èèyàn lè yọ ọwọ́ rẹ̀ kó fi sí òdìkejì.

Tí owó bá ṣẹ́kù, ẹ fi àga kékeré kan kún un. Ìdí máa ń ro ẹni tó bá jókòó sórí òkúta ju bí ẹja ṣe ń ro ó lọ. Ẹ má sì sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti gbọ́. Ẹ kí máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ fún mi.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn, mo sì máa ń lọ sí Ìkéré Gorge lọ́jọ́ ìsinmi. Mo ra okùn híhun olórúkọ, olówó gọbọi, wọ́n kọ 30 pọ́n-ùn sí i. Ẹja tí kò lè tó kílò méjì ti já mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? — Ahunṣọ

ÈSÌ: Ahunṣọ, inú mi dùn pé ìwọ lo bi mí, torí o mọ òwú jù mí lọ. Wo ẹnu okùn tó já yẹn. Tó bá ká kórokòro bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, kò já rárá. Kókó ló yọ́. Tó bá fẹ́ bí òwú tó gbó, òkúta ló ha á, òkúta sì pọ̀ ní Ìkéré. Tó bá gé bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé e, òrùka ọ̀pá rẹ ti sán, lọ ka ohun tí mo sọ fún tíṣà nípa òwú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìrù ẹlẹ́dẹ̀ lo máa bá. Okùn híhun tinrin, ó lágbára, ó sì ń yọ̀. Kókó tó máa ń di náílọ́ọ̀nù mú, á yọ̀ nínú rẹ̀ bí ìgbà tí o bá fi òwú sílíkì ta kókó òwú àtọwọ́ràn. Ṣe é báyìí: ṣẹ́ ẹnu okùn po sí méjì, fi ibi tó ṣẹ́po gba ojú ìwọ̀ kọjá. Fi okùn méjèèjì ta kókó lásán kan, má tíì fún un. Ibi tó ṣẹ́po tó wá dà bí òrùka lẹ́nu rẹ̀ yẹn, mú kí gbogbo ìwọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Tutọ́ sí i. Má fojú kéré itọ́ yẹn: tí okùn bá fún gbẹ, á gbóná, á sì jó ara rẹ̀. Wá fà á ṣinṣin, gé ẹnu rẹ̀.

Tó o bá ṣì ń ṣiyèméjì nípa orúkọ, so ìwọ̀ tuntun mọ́ ọn, fi kọ́ ọwọ́ korobá, kó o da omi lítà mẹ́wàá sínú rẹ̀. Kílò mẹ́wàá nìyẹn, 30 pọ́n-ùn sì ju kílò mẹ́tàlá lọ. Rọra gbé e. Tó bá dúró, wọn ò yàn ọ́ jẹ. Ohun kan tún wà: okùn híhun kì í nà bíi náílọ́ọ̀nù, gbogbo ìfà ẹja ló ń dé ọwọ́ rẹ gbàgà, torí náà dẹ búréèkì rẹ díẹ̀. Kó o sì kọ́kọ́ ká náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sídìí rìílì kó o tó ká híhun lé e, kó má baà máa yí lórí ara rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìwọ ọmọ yìí, o ń kó àwọn ọmọ wa sí gbèsè. Okùn, òjé, ìwọ̀: ohun tí baba tó bí mi fi tọ́ ọmọ mọ́kànlá nìyẹn. Ọ̀pá wo? Rìílì wo? — Bàbá kan, etí Odò Ògùn

ÈSÌ: Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ẹ kò ṣì sọ. Ẹni tó mọ ibi tí ẹja ń sùn á fi okùn ọwọ́ rẹ̀ dójú ti ọlọ́pàá ìwọ̀ bíi tèmi. Àwọn olórúkọ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lauri Rapala ti Fínlándì, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹja irọ́, ìjẹ àtọwọ́dá, tí wọ́n ń tà kárí ayé, apẹja lásán ni. Nígbà tó gbẹ́ àkọ́kọ́ ní 1936, kọ́ọ̀kì ló lò, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bò ó, ó wá yọ́ fíìmù fọ́tò, ó fi kùn ún kí omi má baà wọ̀ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀ jáde lọ́jà wa lónìí, a ó ní ayédèrú ni.

Ibi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ jiyàn. Okùn náílọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, Bàbá, olórúkọ ló dá a sílẹ̀. Inú ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe náílọ́ọ̀nù ní 1935. Mo mọ̀ pé baba yín ti ń pẹja kí náílọ́ọ̀nù tó dé Ọ̀yọ́. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ máa padà sí okùn tí ó lò.

ÌBÉÈRÈ: Ojíjí kan mú gbogbo apá mi kú nígbà tí mò ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀pá carbon olórúkọ tí mo rà ló fà á, pé ó ń gba iná. Ṣé kí n tà á? — Ẹni tí ojíjí gbá, Aáwẹ́

ÈSÌ: Pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀pá kọ́, ẹja tó o fọwọ́ kàn ni. Iná ara ojíjí ńlá lè tó 350 fóltì. Bó o fi ọparun pa á, bó o bá ti fọwọ́ tutù dì í mú, á gbá ẹ. Píláyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́ ni kó o fi yọ ìwọ̀, tàbí kó o gé okùn kó o fi ìwọ̀ ta á lọ́rẹ.

Òótọ́ ni pé carbon ń gba iná o. Wáyà NEPA ni kó o máa sá fún, àti mànàmáná. Ìlú Ṣàngó la wà, kò sí ìdí tí èèyàn á fi na ọ̀pá gígùn sókè nígbà tí ó bá ń pariwo. Lọ́dún tó kọjá, àrá ká mi mọ́ Erelú. Mo tẹ́ ọ̀pá sórí koríko, mo sá lọ sábẹ́ òrùlé àwọn ẹ̀ṣọ́, a jọ jẹ ẹ̀pà títí òjò fi dá. Ìgbà tí mo padà débẹ̀, ọ̀pá ti wọ́ dé bèbè omi, rìílì ń ké fẹ̀ẹ̀rẹ̀, okùn ń yọ́ jáde. Ọ̀bọ̀kún ni. Ìyàwó mi sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bi mí bóyá mo ti ka lẹ́tà ara rìílì yìí.